Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Kì Í Ṣe Ti Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, òdìkejì òwe náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ìkòkò funfun tí ẹ̀kọ inú rẹ̀ dúdú.

Àwa Yorùbá kì í fura sí ẹranko tí ń sọ̀rọ̀, nítorí inú àlọ́ ni a ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ìjàpá a máa jalè, a máa purọ́, ṣùgbọ́n kí àlọ́ tó parí, ìyà á jẹ ẹ́, ọmọ á sì rí ẹ̀kọ́ kọ́. Nítorí náà, bí òbí bá rí ẹranko lára páálí géèmù, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Conker ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Rare ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1999, wọ́n fi ṣe géèmù ọmọdé kan, Conker's Pocket Tales. Wọ́n ti ń ṣe òmíràn bọ̀ fún ẹ̀rọ Nintendo 64, tí òun náà jẹ́ ti ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i sọ pé irú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ni wọ́n bá yí i padà. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 2001, tí wọ́n pè é ní Conker's Bad Fur Day, ọ̀kẹ́rẹ́ ti di ọ̀mùtí tí ń sọ ìsọkúsọ. Ní ọdún 2005, ó tún jáde lórí Xbox, wọ́n sì mú apá ogun rẹ̀ gbòòrò sí i: ọ̀kẹ́rẹ́ ń yìnbọn, ọmọláńgidi onírun ń yìnbọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Síbẹ̀ ìrù rẹ̀ kò yí padà, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Èyí ni ìbátan wa kan mú ti Amẹ́ríkà bọ̀ nígbà ọdún Iléyá kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín: "Àbúrò mi, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Mo ní, "Ẹ wo lẹ́tà M tó wà lára páálí yìí. Kì í ṣe ti ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún."

Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ wò ó fúnra àwọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á. Ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò jágbe mọ́ ọn; wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, wọ́n sì wá géèmù bọ́ọ̀lù fún un.

Láti ọdún 1994 ni ìgbìmọ̀ ESRB ti ń fi àmì sára páálí géèmù ní Amẹ́ríkà. Lóde òní, E wà fún tọmọdé tàgbà, T wà fún ẹni ọdún 13 sókè, M fún ẹni ọdún 17 sókè. Ti Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní PEGI, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Nọ́ńbà ni tiwọn: 3, 7, 12, 16 àti 18. Àwọn tó ṣe géèmù ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kò fi ohun tó jẹ́ pa mọ́. Kíkà ló kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ géèmù ju àwọn òbí yín lọ. Ẹ máa bá wọn ka àmì náà kí àbúrò yín tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà ọjà tí kò ní páálí, ẹ kọ́kọ́ jókòó wò ó. Ẹranko inú àlọ́ ní apàlọ́ tí yóò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ẹranko inú géèmù kò ní ẹnì kankan, àfi àgbà tó bá jókòó ti ọmọ.