Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Àṣàkẹ́

Houston, Texas,
Ọjọ́ 15, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Àkànní àbúrò mi ọ̀wọ́n,

   

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí mo lè fi ohùn dáhùn lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. O ní Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ tẹ̀lé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní 4-H ní Minnesota níbẹ̀, ó rí àwọn ọmọ tó ń yìnbọn sí àmì, àtìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ kí o sinmi. O wá ní kí n sọ ráífù tí wàá rà kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé, torí pé èmi máa ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní pápá ìyìnbọn àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn pé o bèèrè kí o tó rà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń gbé ìbọn dé pápá kí wọ́n tó bèèrè, ọmọ á wá máa bá ìbọn jìjàkadì dípò kí ó kọ́ bí a ṣe ń yìn ín.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù lọ ni pé kí o ra ìbọn tó bá ara Àṣàkẹ́ mu lónìí. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń ra bàtà ilé-ìwé tó tóbi jù fún wa, tí wọ́n á ki òwú sí i níwájú pé ẹsẹ̀ á bá a tó bá yá. Má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ráífù àgbàlagbà máa ń gùn tó ínǹṣì 13 àbọ̀ sí 14 láti tírígà dé ìdí rẹ̀ tí a ń fi ti èjìká. Bí ọmọ ọdún 9 bá gbé irú èyí, ìka rẹ̀ kò ní dé tírígà dáadáa. Á na ọrùn síwájú láti wá ojú ìbọn, á ki ìdí ìbọn bọ abẹ́ abíyá, á sì fi ẹ̀yìn tẹ̀ kí ìwúwo ẹnu ìbọn má baà fà á lulẹ̀. Bí ó bá pẹ́ tó ti ń dúró báyẹn, ìdúró burúkú ti di ara rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni láti yọ ọ́ kúrò. Ọmọ tó bá rí i pé òun ò ba àmì rárá kì í mọ̀ pé ìbọn ló gùn jù. Ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi, á sì pa á tì.

Bí wàá ṣe wọ̀n ọ́n nìyí: ní kí ó ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí igun 90, kí o na téèpù láti kòtò ìgbọ̀nwọ́ dé ibi tí ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti máa ń tẹ tírígà. Gígùn tó máa bá a mu kò ní jìnnà sí iye tí o bá rí. Fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 11 sí 12. Bí ó bá ń ga sí i, ohun tín-ín-rín kan wà tí a máa ń fi kún ìdí ìbọn láti mú un gùn.

Tún yẹ ojú rẹ̀ wò. Kí ó na apá méjèèjì síwájú, kí ó fi ọwọ́ ṣe ihò kékeré, kí ó la ojú méjèèjì wo nǹkan kan lára ògiri láàárín ihò náà, kí ó wá máa fa ọwọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ihò náà fi máa kan ojú. Ojú tí ihò náà bá bọ́ sí ni ojú rẹ̀ tó lágbára jù. Bí ó bá jẹ́ tòsì, èjìká òsì ni kí ó fi kọ́ ọ, kódà bí ó bá ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó máa ní ẹ jẹ́ kó máa fi ọ̀tún ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ṣe tèmi, ìbọn afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lò. Daisy 499 ni ọ̀pọ̀ ọmọ 4-H fi ń bẹ̀rẹ̀: ọta róbótó onírin kan ṣoṣo ni a ń jù sí i láti ẹnu, mítà 5 péré ni àmì sì máa ń jìnnà. Kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, kì í gbún èjìká, ó sì fúyẹ́. Ẹ lè lò ó nínú ìyàrá abẹ́ ilé yín nígbà tí yìnyín bá dí ìta. Ṣùgbọ́n ọta onírin máa ń ta padà bí ó bá lu ohun líle, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ gíláàsì ààbò, tó fi mọ́ ìyá rẹ̀ tó bá dúró wòran. Lẹ́yìn èyí ni ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Olíńpíìkì. Àárín àmì tiwọn kò ju ìdajì mìlímítà lọ ní fífẹ̀! Ẹni tó bá lè fi ìbọn afẹ́fẹ́ ba ìyẹn kò sí ìbọn tó máa dà á láàmú.

Màmá ti gbọ́ o. Wọ́n pè mí láti Ṣakí, wọ́n bi mí bóyá orí yín pé, tí ẹ fẹ́ gbé ìbọn lé ọmọbìnrin lọ́wọ́. Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí ọdẹ àti olè ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìbọn. Mo rán wọn létí pé ọmọ ọdẹ ni àwọn fúnra wọn, pé Bàbá àgbà kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá tíì ru àpò tẹ̀lé wọn wọgbó pẹ́ fọwọ́ kan ṣakabùlà wọn. Mo tún sọ fún wọn nípa Ban Hyo-jin, ọmọbìnrin Kòríà Gúúsù tó jẹ́ ẹni ọdún 16 nígbà tó gba wúrà ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10 ní Paris ní 2024. Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀. Ní Rio ní 2016, Ginny Thrasher ló gba wúrà àkọ́kọ́ nínú gbogbo Olíńpíìkì ọdún náà, nínú ìdíje yìí kan náà, ọmọ ọdún 19 ni, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì West Virginia. Ohùn Màmá rọ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ pè wọ́n.

Bí ó bá ti mọ ìbọn afẹ́fẹ́ lò, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ọta .22 Long Rifle ló kàn. Láti 1887 ló ti wà. Òjé orí rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju gíráàmù 2 àbọ̀ lọ, ìbọn rẹ̀ kì í ti èèyàn sẹ́yìn, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ọmọ tí ìbọn bá ti gbún léjìká rí á máa dijú kí ó tó fa tírígà. Má sì jẹ́ kí kíkéré ọta náà tàn ọ́: ó lè rìn tó máìlì kan àbọ̀ bí kò bá rí ohun dá a dúró. Ibi tí kò bá sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó ga lẹ́yìn àmì, ẹ má yìn ín níbẹ̀.

Ọta kan ṣoṣo ni kí ìbọn náà máa gbà. Níbí ni èmi àti àwọn bàbá ti máa ń jiyàn jù. Wọ́n á ní Ruger 10/22 làwọn fẹ́, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1964, tó ń gba ọta 10, ìbọn gidi sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ọmọdé máa ń ṣe. Bí ó bá yìn ín tó ba àmì, ayọ̀ á gbé e, á yíjú padà wá bàbá rẹ̀, ìbọn á sì bá a yí. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, ọta mìíràn ti wà níkùn ìbọn nígbà tó ń yí yẹn. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́ta kan, òfìfo ló kọjú sí yín. A ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà, a ó bá a wí, gbogbo wa á sì lọ sílé láyọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ní láti ṣí ìlẹ̀kùn ìbọn, kí ó yọ eèpo ọta, kí ó ki òmíràn, ó ti ráyè mí kanlẹ̀, ó ti ráyè ro ìdí tí èyí tó lọ fi ṣìnà.

Savage Rascal ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ bíi tirẹ̀. Kò wúwo tó pọ́ùn 3, ojú ihò ni wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì. Crickett ti ilé-iṣẹ́ Keystone náà fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ìlẹ̀kùn ìbọn, ó tún gbọ́dọ̀ fa kókó kékeré kan sẹ́yìn kí ó tó lè dún. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti rí ọmọ tí ìka rẹ̀ kò lágbára tó, tó ń gbé ẹnu ìbọn káàkiri níbi tó ti ń fà á. Bí Àṣàkẹ́ bá tó ọdún 11 tàbí 12 kó tó nílò tirẹ̀, wo CZ 457 Scout. Ó wọ́n jù, ó wúwo jù, ṣùgbọ́n ó máa bá a dàgbà díẹ̀, ohun tó ń sọ ọ́ di ọlọ́ta kan sì máa ń bá a wá. Má ra awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra sórí rẹ̀ báyìí. Má sì ra èyí tí wọ́n kùn ní pińkì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọmọ náà máa nawọ́ sí. Mo fẹ́ kí òun àti ọmọ aládùúgbò tó bá wá ṣeré rí ìbọn kí wọ́n sì mọ̀ pé ìbọn ni.

Àkànní, fetí sí èyí dáadáa. Ní 2013, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ọmọkùnrin ọdún 5 yin irú ìbọn kékeré ọmọdé yìí, ó sì pa àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 2. Kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n gbé ìbọn náà tì, àwọn òbí wọn kò mọ̀ pé ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbọn Àṣàkẹ́ kì í ṣe ti Àṣàkẹ́. Tìrẹ ni. Oníṣòwò ìbọn kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ta ráífù fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin Minnesota sì ń fìyà jẹ àgbàlagbà tó bá fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Ra àpótí irin alágàdágodo kí o tó ra ìbọn. Ọta ní àpótí tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lára rẹ. Kí ó máa kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, kí ìka rẹ̀ jìnnà sí tírígà títí yóò fi ṣe tán láti yìn, kí ó má sì ki ọta àfi tí olùkọ́ bá ní kí ó ki í. Bí ẹ bá sì kúrò ní pápá, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí òjé.

Ní ti ọjọ́ ìbí, má tíì ra ìbọn kankan. Àwọn ẹgbẹ́ 4-H sábà máa ń ní ìbọn tí àwọn ọmọ ń pín lò lábẹ́ olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Jẹ́ kí ó fi ìwọ̀nyẹn kọ́ ọ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ra gíláàsì ààbò àti ìbotí tó bá orí rẹ̀ mu, torí ti àgbàlagbà máa ń yọ̀ lórí ọmọdé, kí o fi ìwé kékeré kan kún un tí á máa kọ ibi tí ọta rẹ̀ bà sí. Fi iye ínǹṣì tí o bá wọ̀n ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ ojú tó lágbára jù fún mi. Mo fẹ́ bá olùkọ́ wa sọ ọ́ ní Sátidé.

Bá mi kí ìyàwó wa àti Àṣàkẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjàní.