Ta ló ń pa ẹja Odò Ọya? Àríyànjiyàn kan ní ọjà Katako

Bí ènìyàn bá dé Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, odò ni yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Òjò ti dá láti oṣù mẹ́ta ó lé, ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di funfun bí eérú, ilẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ odò kún. Omi òjò ilẹ̀ Guinea ni; ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù la àbàtà ilẹ̀ Mali kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Àwọn Zarma ń pè é ní Isa Beri, ìyẹn odò ńlá. Àwọn Hausa ń pè é ní Kwara, orúkọ tí a fi sọ ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin wà. Àwa Yorùbá ń pè é ní Odò Ọya. Omi kan náà ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti wo odò láti orí afárá Kennedy, èyí tí wọ́n ṣí ní 1970, ọjà Katako ni a gbà lọ. Èdè Hausa ni orúkọ náà, pákó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Pákó kún ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Àwọn káfíńtà ń kan ibùsùn àti ìlẹ̀kùn, àwọn alágbẹ̀dẹ ń lu irin àlòkù, ariwo òòlù kò sì jẹ́ kí a gbọ́ra wa. Bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ Ṣakí, tí ó ti pẹ́ nídìí òwò ní ìlú náà, ni ó fún wa ní àga lábẹ́ òjìji ìsọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni a wà tí apẹja kan fi wọlé wá ra pákó tí yóò fi lẹ ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọyẹ́ kì í ṣe àsìkò ọ̀wọ̀n omi, àsìkò ọ̀wọ́n ẹja ni, nítorí ẹja a máa sá lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà òtútù. Ó fi kún un pé láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, òun a máa bá òkú ẹja léfòó ní ibi tí omi kò ti ṣàn dáadáa, lábẹ́ àwọn ewéko tí ó bo etí odò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ní májèlé àwọn awakùsà ni. Àgbàlagbà kan ní Harakoy Dikko, ìyá omi tí àwọn Songhay àti Zarma mọ̀, ni a ti ṣẹ̀. Bàbá onípákó ní tiwọn nílé, Gamalin 20 tí a fi ń pa kòkòrò orí kòkó ni àwọn ọ̀dájú apẹja ń dà sómi, kí wọ́n lè kó ẹja láìjẹ pé wọ́n ṣe wàhálà àwọ̀n.

Mi ò fi ẹnikẹ́ni nínú wọn rẹ́rìn-ín. Odò Sirba, tí ó ń sàn wọnú Odò Ọya lókè Niamey, gba agbègbè tí wọ́n ti ń wa wúrà kọjá, àwọn tí ń wa wúrà sì ń lo mẹ́kúrì àti sáyánáìdì. Ẹni tí ó bá ń fura sí i kò sọ ìsọkúsọ.

Ṣùgbọ́n òtútù náà lè pa ẹja. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2011, ẹja bíi mílíọ̀nù 2 kú ní Chesapeake Bay ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláṣẹ ní òtútù omi ni ó pa wọ́n. Lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, bíi 100,000 ẹja ti kú sínú odò Arkansas, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ sì tún já bọ́ láti ojú ọ̀run ní ìpínlẹ̀ kan náà. Àwọn kan ní òpin ayé ti dé, àwọn mìíràn ní ìjọba ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn tí ó yẹ ẹja náà wò sọ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó kú, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn, nítorí májèlé kì í ṣa ẹni tí yóò pa. Ní adágún Bosomtwe nítòsí Kumasi ní Ghana, àwọn àgbà máa ń sọ pé òrìṣà adágún ń yin ẹ̀tù nígbà tí omi bá ń rùn tí ẹja sì ń léfòó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí òkè omi bá tutù, á wúwo, á rì, omi ìsàlẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ á sì ru sókè, ẹja kò ní rí èémí mí.

Nílé tiwa, nígbà tí òkú ẹja gbá wá sí etíkun Niger Delta ní 2020, àwọn ènìyàn nàka sí ilé-iṣẹ́ epo. Àjọ NOSDRA ṣe àyẹ̀wò, ó ní kì í ṣe epo rọ̀bì, pé àwọn irin olóró bí òjé àti cadmium ni àwọn rí. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Èsì tí ó bá pẹ́ kí ó tó dé máa ń bá ìfura tí ó ti jókòó sórí àga.

Àmì díẹ̀ wà tí apẹja fúnra rẹ̀ lè wò. Bí ẹja bá kú ní ìdájí, tí epìyà kú ṣùgbọ́n àrọ̀ ń bẹ láàyè, àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi ni a ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí àrọ̀ lè yọrí síta láti mí. Bí epìyà, àrọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ àti kòkòrò omi bá kú pọ̀, ẹ fura sí májèlé. Kí wọ́n bu omi náà sínú ìgò mímọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi yìnyín sí ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí wọ́n kó o lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ẹja tí ó ti rà kò lè jẹ́rìí mọ́. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ún tà.

Niamey náà ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ tí ń bójú tó Odò Ọya wà. Orílẹ̀-èdè 9 ni ó parapọ̀ dá a sílẹ̀, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ìjọba rẹ̀ fún apẹja ni ibi tí yóò ké sí ní ọjọ́ tí ẹja bá léfòó, àti èsì tí yóò gbọ́ lédè rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Omi yìí ni àwọn ará Niamey ń mu. Kò sì dúró síbẹ̀. Ó ń bọ̀ wá sí Kainji.

Nígbà tí apẹja náà gbé pákó rẹ̀ léjìká, Bàbá bi mí bóyá àwọn obìnrin ṣì ń ta ẹja létí títì ní Jẹ́bbà. Mo ní wọ́n ṣì ń tà á. Ó mi orí, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà mìíràn tí ọkọ̀ yín bá dúró ní Jẹ́bbà tí ẹ sì ra ẹja, ẹ rántí pé omi tí ó gba Niamey kọjá ni ó ti jáde.