Hrastovlje, Abúlé Tí A Ya Ikú Sí Ara Ògiri Ilé Ọlọ́run

Ilẹ̀ Slofẹ́níà ni a fẹ́ mú yín lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, orílẹ̀-èdè kékeré tí Ítálì, Austríà, Húngárì àti Kroatíà yí ká. Abúlé tí a fẹ́ fi hàn yín ń jẹ́ Hrastovlje. Kò jìnnà sí Koper, ìlú èbúté etí òkun Adriatic. Ní àfonífojì odò Rižana ni ó wà, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta tí à ń pè ní Karst.

Ní èdè àwọn ará ibẹ̀, hrast ni orúkọ igi óákù, irú igi tí a kà nínú Ìwé Mímọ́ pé orí Ábúsálómù há sí. Láti ara orúkọ igi náà ni orúkọ abúlé yìí ti jáde wá. Cristoglie ni àwọn ará Ítálì ń pè é.

Ilé ìsìn kékeré kan, ti Mẹ́talọ́kan Mímọ́, dúró lórí òkè kékeré kan níbẹ̀. Odi òkúta gíga yí i ká, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ ní igun rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 16 ni a mọ odi náà, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ogun Túúkì. Ẹni tí ó bá dúró lóde yóò rò pé ilé ogun ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, ẹnu yóò yà á, nítorí àwòrán ni ó kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: bí Ọlọ́run ti dá ayé, ìjìyà Olúwa wa, àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ní oṣooṣù. Ayàwòrán kan, Janez ará Kastav, ni ó parí wọn ní ọdún 1490.

Ọ̀kan nínú wọn ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ara ògiri apá gúúsù, àwọn egungun òkú ń fa ènìyàn lọ́wọ́ lọ sí ibi tí Ikú gbé jókòó lẹ́bàá ibojì tí ó ṣí sílẹ̀. Póòpù wà níbẹ̀. Ọba àti ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọkùnrin, arọ àti ọmọ kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọlọ́rọ̀ kan ń ti ọwọ́ bọ àpò owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ikú kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, a rẹ́ ògiri bo àwòrán yìí mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rí i mọ́ títí di ọdún 1949, nígbà tí oníṣẹ́ ọnà Jože Pohlen ṣí i payá.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Àwọn baba wọnnì ṣe dáadáa tí wọ́n mọ odi, nítorí ó yẹ kí ènìyàn dáàbò bo ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi òkúta kan lé òkúta ni àwòrán ọ̀tá tí odi kò lè dá dúró ti wà nínú ilé náà. Awáyé-má-kú kò sí. Kí olówó má ṣe fi ojú tín-ín-rín tálákà, kí àgbà má sì tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wa jùmọ̀ tò sí.