Ọkọ̀ Onígbòkun Àtijọ́ Kan ní Hann

Ní etíkun Hann, ní Dakar, àwọn ọkọ̀ onígbòkun tó sọ̀ kalẹ̀ láti Yúróòpù ń mì lórí omi nítòsí ọkọ̀ àwọn apẹja aláràbarà. Ibẹ̀ ni a ti lọ wo èyí tí owó ìpamọ́ wa fẹ́ẹ̀ ká. Onírin ni, ó ti lé ní 30 ọdún.

Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó ń tà á ní ó ti la òkun Àtìláńtíìkì já. A ò bá a jiyàn. Pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ la kọ́kọ́ ṣí. Inú ni ọkọ̀ onírin ti sábà máa ń dógùn-ún, níbi tí omi bá dúró sí. A ń fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Ibi tó le ń dún bí agogo. Lábẹ́ ibi ìdáná, kò dún bí irin mọ́. Fọ́nrán kan ti já lára wáyà tó di òpó mú, ó sì gún ọmọ wa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ máa ń pààrọ̀ wáyà yìí ní bí ọdún 10 síra. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ ó ti gbóná kí a tó dé. Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

A ní kó gbé e gun ilẹ̀ kí a lè rí ìdí rẹ̀. Ó ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀ lọ́la. A wọ ọkọ̀ kékeré padà sétí omi, owó wa ṣì wà lápò.