Ibi Ààlà Ni Àṣìṣe Ń Sá Pamọ́ Sí

  

Ọ̀rọ̀ mi lọ́dún yìí dá lórí bí a ṣe ń mọ ibi tí a ti ṣi ìṣirò ṣe. Àwọn kan rò pé ìṣirò kò kan oníkéwú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Al-Khwārizmī kọ ìwé al-jabr rẹ̀ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, apá tí ó pọ̀ nínú ìwé náà ni ó sì fi ṣàlàyé ogún pínpín.

Ọmọkùnrin kan tí ó ti jáde ní ilé-kéwú wa ní Mushin, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní yunifásítì, mú iṣẹ́ kan tí ó dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ wá hàn mí. Double integral ni wọ́n ń pè é. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní at-takāmul ath-thunā'ī. Mo ní kí ó là á yé mi. Ó ní kí n wo ilẹ̀ kan tí típà da yanrìn sí, tí yanrìn náà kò ga dọ́gba. Bí a bá fẹ́ mọ iye rẹ̀, a óò gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, a óò wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a óò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. A lè gé e láti iwájú dé ẹ̀yìn, a sì lè gé e láti ọ̀tún dé òsì. Iye yanrìn kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Guido Fubini, ará Ítálì, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe òfin yìí, láti ọdún 1907.

Ilẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta: x láti 0 dé 1, y láti 0 dé x. Gíga yanrìn rẹ̀ ni x. Ọ̀nà kìíní fún un ní 1/3, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba ọ̀nà kejì, ó rí 1/6. Ó ti yẹ ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ wò títí, kò rí àṣìṣe kankan, nítorí kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Mo ní kí ó ya ilẹ̀ náà sí ojú wàláà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ní ọ̀nà kejì, ó kọ pé x lọ láti 0 dé y. Láti y dé 1 ni ó yẹ kí ó kọ. Onígun mẹ́ta tí ó wà lókè ìlà ni ó lọ wọ̀n. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni! Bí ó ti tún un kọ, 1/3 jáde. Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ méjèèjì fẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ fífẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni ó fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, kì bá tí rí i. Ẹlẹ́rìí kan kò tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ogún. Ọkùnrin kan kú ní àdúgbò wa, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kékeré kan, àbúrò ọkùnrin kan àti ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé pínpín wá kí n wò ó: ìyàwó 1/8, ọmọ 4/8, àbúrò 3/8. Ẹ rò ó pọ̀, 8/8 ni, ó pé géérégé. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọkùnrin bá wà, àbúrò olóògbé kò jogún. Ìyàwó ni ó ni 1/8, ọmọ ni ó ni 7/8. Yàrá mẹ́ta ni ìwé yẹn ì bá gbà lọ́wọ́ ọmọ òrukàn! Àbúrò náà kò jà. Ó ní iye tí ó pé ni òun rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó wá àṣìṣe sínú ìsọdipúpọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ilẹ̀ wo ni? Ta ni ajogún? Ẹ ya àwòrán. Ẹ gba ọ̀nà kejì. Bí x bá ṣì ṣẹ́kù nínú èsì tí ó yẹ kí ó jẹ́ iye lásán, ẹ ti ṣi ààlà gbé. Bí ẹ bá fi r àti θ wọn òbìrí tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1, tí ẹ rí 2π dípò π, r kan ni ẹ gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun ṣe ìmọ̀ wa ní èyí tí yóò ṣe wá ní àǹfààní. Àmín.