Kùkùté Kò Tíì Kú

Bí àwọn àgbà Lagbé bá ń ṣàròyé pé igbó ti tán ní Ìfọ̀nyìn, àáké ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Èmi kò bá wọn dá àáké nìkan lẹ́bi. Àwọn baba wa náà gé igi. Wọ́n ṣán ìwọ̀nba oko láàárín igbó, wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ṣí lọ síbòmíràn kí ilẹ̀ lè sinmi. Igbó a sì padà wá gba ilé rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó orò, kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni a gé igi orí rẹ̀ fún ìdáná, tí a sì gbin àgbàdo síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, koríko àti ewé tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Akíntọ́lá bò ó pátápátá. Ẹni tó bá wò ó yóò ní ilẹ̀ náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kùkùté akòko ti ń yọ ọ̀mùnú lábẹ́ ewé náà, nítorí gbòǹgbò àtijọ́ ló fi ń mu omi. Ayùnrẹ́ tẹ̀ lé e, ó ga ju ènìyàn lọ, ìbòòji rẹ̀ sì ń pa Akíntọ́lá, ewé tí kò lè gbé láìsí oòrùn.

Ti ìrókò ló yà mí lẹ́nu jù. Igi náà ní akọ, ó ní abo. Abo ló ń so èso. Àdán a jẹ èso náà lóru, a fò kọjá lórí oko, a sì máa ya hóró rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń lọ. Hóró náà kéré, kì í sì í pẹ́ kó tó pàdánù agbára àtihù. Ẹni tó bá gbin ìrókò lọ́pọ̀ sójú kan yóò rí ìjọ̀ngbọ̀n: kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma a máa yé ẹyin sára ewé ọ̀dọ́, ewé a wú kókó, ọmọ igi a sì máa kú láti orí. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, láàárín àwọn igi mìíràn, ló sábà máa ń yè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé Faransé lè ti bá épicéa pàdé, igi àwọn òkè olótùútù bíi Vosges àti Jura. Kùkùté tirẹ̀ kì í rúwé. Hóró tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti ara àwọn igi tó kù létí ibi tí a gé ló ń dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí àlàfo kékeré fi ń yára dí ju ńlá lọ. Àwa ní kùkùté tó ń hù, a sì ní àdán, ṣùgbọ́n àwa náà kò lè ṣe láìsí etí igbó.

Etí igbó yìí ni ọ̀rọ̀ wà báyìí. Àwọn àbúrò mi fẹ́ kí á hú kùkùté, kí á sun ilẹ̀ náà, kí á gbin tíìkì. N kò bú wọn: òpó tíìkì ń tà, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò sì lè dúró de ìrókò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tún ń wo àwọn igi ẹnu ààlà igbó orò. Ìbẹ̀rù ló dáàbò bò wọ́n títí di òní, kì í ṣe ìmọ̀ ìwé, ìbẹ̀rù náà sì ń dínkù lọ́kàn àwọn ọmọ tó ń gbé Cotonou. Lóòótọ́, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba Benin gbé àṣẹ kan jáde lórí ìtọ́jú igbó mímọ́. Ìwé àṣẹ kò lè ṣọ́ igbó lóru.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nípàdé ẹbí ni pé kí á gbin tíìkì sí ìdajì tó kọjú sí ọ̀nà, kí á sì fi ìdajì tó kọjú sí igbó sílẹ̀ láìhú kùkùté, láìdáná sun ún, kí á máa gé igi ìdáná díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀mùnú rẹ̀. Àwọn ìyá wa fara mọ́ ọn, nítorí àwọn ló ń rìn jìnnà wá igi. Olórí ẹbí kò tíì dáhùn. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká fúnra wọn, nígbà tí òjò bá dá.