Ọkọ̀ Ni Ó Jẹ Ẹja Ìyàwó Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi kò da omi kankan síwájú. Omi ẹja rírà ni mo tẹ̀ nínú ilé ara mi. Mo fẹ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bèèrè irú ọkọ̀ tí mo ń gùn yìí lọ́wọ́ mi, èmi kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣubú sí kòtò tí mo ti ṣubú sí.

Olùkọ́ ni mí ní ìlú Òṣogbo. Ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé, ń ta ẹja yìnyín níwájú ilé wa: kòtè, ṣáwà àti títù. Kí n má purọ́, fíríísà rẹ̀ ni ó ń bọ́ wa nígbàkígbà tí owó oṣù olùkọ́ bá pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí a ń rà ní iye tí kò tó náírà 200 fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilé ẹ̀kọ́ mi sì jìnnà sí ilé tó kìlómítà 9. Mo ṣírò ó títí, n kò rí i rò mọ́. Ni mo bá ta ọkọ̀ mi àtijọ́, mo yá owó díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, mo sì ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kì í mu epo rárá, tí ó jẹ́ iná mànàmáná nìkan ni ó ń lò. Nissan Leaf ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2010 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

Èmi a máa so ó mọ́ iná Nẹ́pà lálẹ́, ní òwúrọ̀ mo ti ń lọ sí ibi iṣẹ́. Kì í pariwo, kì í yọ èéfín. Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú ayé kò ṣe é kọ̀. Inú mi a máa dùn.

Ní ti Ìyá Ṣadé, òun náà ti ra tirẹ̀. Nígbà tí ó kó àjọ, ó fi owó náà ra àpótí iná alágbèéká kan àti páànẹ́ẹ̀lì sólà méjì. Oòrùn a máa kún inú àpótí náà lọ́sàn-án, àpótí a sì máa gbé fíríísà lóru bí Nẹ́pà bá mú iná lọ. Yúníìtì 3.6 ni ó ń gbà. Yúníìtì tí mo ń wí ni èyí tí a ń rà sínú mítà. Fíríísà rẹ̀ kì í sì í jẹ ju bí yúníìtì kan àti ààbọ̀ lọ ní ọ̀sán àti òru, nítorí náà àpótí náà tó o, ó tún ṣẹ́kù.

Ní oṣù Keje, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Iléṣà. Ìyá Ṣadé ti lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́rú lọ wo ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí ó tó lọ, ó wí fún mi pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mójú tó fíríísà o. Páálí mẹ́ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i." Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, mo wo ọkọ̀ mi. Yúníìtì 8 ni ó kù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ mi a máa rin bí kìlómítà 6 lórí yúníìtì kan, àlọ àti àbọ̀ Iléṣà sì tó 60. Kò lè tó. Owó ọkọ̀ èrò kò ju nǹkan kékeré lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí ọkọ̀ tí kì í pariwo. Ni ojú mi bá lọ sí ara àpótí ìyàwó mi.

Mo yọ fíríísà kúrò lára rẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí gbogbo iná mu, mo sì ki okùn ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Iná pupa ni ó tàn lára okùn náà, kò gbà. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tí ó wà ní àdúgbò wa. Ó ṣàlàyé fún mi pé okùn ọkọ̀ a máa kọ́kọ́ wò bóyá wáyà ilẹ̀ wà kí ó tó jẹ́ kí iná kọjá. Àpótí alágbèéká dá dúró ni, kò kan ilẹ̀ níbì kan, ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi kọ̀ ọ́. Ó ṣe púlọ́ọ̀gì kan tí ó ṣe àtúnṣe rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó nígbà tí àpótí bá so mọ́ iná ilé, nítorí ó lè pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán èyí wò láìsí oníṣẹ́.

Ó tún dín agbára tí okùn ń fà kù, kí ó má baà wọ àpótí lọ́rùn. Síbẹ̀, bí wáàtì 1,400 ni ó ń fà. Bí ó ti ń palẹ̀ mọ́, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe iná fíríísà Màmá nìyí?" Mo ní kí ó gba owó rẹ̀ kí ó máa lọ.

Kò tó wákàtí mẹ́ta tí àpótí gbẹ. Kò sì pẹ́ tí mo rí i pé yúníìtì 3.6 kò di 3.6 nínú ọkọ̀. Ó dín ní 3. Ẹ̀yin tí ń ta epo pupa yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá da epo láti inú kèrègbè sínú ìgò, tí a tún dà á láti inú ìgò sínú agolo, díẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara kèrègbè, díẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni iná àpótí ṣe ń yí padà di iná ilé, tí ọkọ̀ tún ń yí i padà kí bátìrì rẹ̀ tó lè gbà á. Ní ìyípadà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ a máa di ooru lásán.

Ní ọjọ́ ẹtì òjò rọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ̀nba tí páànẹ́ẹ̀lì rí kó, ọkọ̀ ni mo tún fún. Mo fọwọ́ kan ìdérí fíríísà, ó ṣì tutù, mo ní kò sí ewu. Ní ọjọ́ àbámẹ́ta mo wọ aṣọ, mo lọ sí Iléṣà, wọ́n yìn mí, mo padà ní alẹ́, mo sùn. Èmi kò rántí ki okùn fíríísà padà.

Ní ọjọ́ àìkú Ìyá Ṣadé dé. Òórùn ni ó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Nígbà tí ó ṣí fíríísà, kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí àpótí iná náà, ó wò mí. Ẹja tí ó lé ní náírà 180,000 ni.

Obìnrin aládùúgbò wa kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ata àti iyọ̀ rin ín, kí ó dín in, kí ó tà á fún àwọn ará gáréèjì, wọn kò ní mọ̀. Ìyàwó mi ní, "Àwọn tí ń ra ẹja lọ́wọ́ mi fi ń bọ́ ọmọ wọn ni. Ẹja yìí á tán lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀la ń kọ́?" A gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a sin gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Mo san owó náà fún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe. Nígbà tí irú ọkọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, yúníìtì 24 ni bátìrì rẹ̀ ń gbà. Tèmi ti gbó, bí 16 ni ó ń gbà nísinsìnyí. Àpótí bíi ti ìyàwó mi yóò gbẹ tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó lè kún un. Páànẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 400 kò lè kó ju bí yúníìtì 3 lọ bí oòrùn bá ràn dáadáa. Èyí lè gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó sì gbé mi bọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó burú: kìlómítà 18 lójúmọ́ láìra epo, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ fíríísà kọ́ ni oúnjẹ ọkọ̀. Ohun tí fíríísà yóò jẹ fún ọjọ́ méjì, ọkọ̀ yóò jẹ ẹ́ kí a tó jẹun alẹ́ tán.

Nísinsìnyí, mo ti ra páànẹ́ẹ̀lì méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Òfin ilé wa ni pé fíríísà ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí àpótí bá ti kún, tí oòrùn sì ṣì ń ràn, nígbà náà ni ọkọ̀ lè mu, ní ọ̀sán àbámẹ́ta àti àìkú nìkan. Bí ọ̀nà bá jìn, mo ń wọ ọkọ̀ èrò. Púlọ́ọ̀gì tí oníṣẹ́ iná ṣe, inú àpò owó Ìyá Ṣadé ni ó wà. Bí mo bá fẹ́ ẹ, mo ní láti tọrọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, ẹ rà á, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka yúníìtì tí ẹ ní, kí ẹ ka yúníìtì tí yóò jẹ, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni àpótí. Ìyá Ṣadé ní kí n bá òun kí yín, ẹja tútù ti dé.